Ìgò Méjì Iwájú

Ẹlẹ́dàá ti fi ohun gbogbo sí ipò rẹ̀: òkun ní ààlà, oòrùn ní ìgbà, ilẹ̀ pẹ̀lú sì ní ọjọ́ tí í yí ẹ̀gbẹ́ padà bí ẹni tó sùn. Ènìyàn kò lè sọ pé kí ilẹ̀ má mì. Ìmúrasílẹ̀ ni ipa tirẹ̀. Làtífátù, aláboyún olóṣù mẹ́jọ tó ń gbé ní àjà kọkànlá ilé kan ní Rolla, ní ìlú Sharjah ní ilẹ̀ Lárúbáwá, mọ èyí. Ó kó gàrí, kúlíkúlí, èso dàbínù àti ìgò omi ńlá méjìlá sí abẹ́ ibùsùn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí Làtífátù wà níbi iṣẹ́, Kíkí wá bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ Adéìfẹ́, àbúrò Làtífátù tí wọ́n jọ ń gbé, kàwé ìdánwò. Kíkí yọjú wo abẹ́ ibùsùn.

"Gàrí Ìjẹ̀bú rèé! Bu omi sí i."

"Ẹ̀gbọ́n mi ní ó di ọjọ́ tí ilẹ̀ bá mì."

"Ilẹ̀ wo? Ikùn mi ló ń mì! Yalla, ó yá, bu omi jàre."

Gàrí ń wú, ó ń bèèrè omi sí i. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ìgò mẹ́wàá ti gbẹ. Adéìfẹ́ to méjì tó kún síwájú, ó fi òfìfo mẹ́wàá sẹ́yìn kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ má baà mọ̀.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, ilẹ̀ mì. Àwo ń kọlu àwo. Adéìfẹ́ fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sábẹ́ tábìlì. Ẹnikẹ́ni kò fara pa, ṣùgbọ́n àwọn alábòójútó ilé pa líìfùtì àti ẹ̀rọ omi láti yẹ ilé náà wò. Kí ó tó di ọ̀sán, ìgò méjì iwájú ti tán.

"Gbé òmíràn wá. Òùngbẹ ń gbẹ ọmọ inú mi."

Adéìfẹ́ ìbá ní ìgò ló jò, ṣùgbọ́n kò purọ́. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, òfìfo ni. Èmi àti Kíkí la mu ún."

Làtífátù nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. "Ìgò ló ṣófo, ẹsẹ̀ rẹ kò ṣófo. Ó yá, sọ̀ kalẹ̀ lọ ra omi."

Adéìfẹ́ pe Kíkí wá. Àwọn méjèèjì ra omi nísàlẹ̀, wọ́n rù ú gba àtẹ̀gùn gòkè. Ní àjà keje, Kíkí jókòó, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ: "Gàrí yìí mà wọ́n o!"

Ní ọjọ́ kejì, líìfùtì ṣiṣẹ́. Nígbà tí oṣù rẹ̀ pé, Làtífátù bí ọmọbìnrin láyọ̀. Adéìfẹ́ yege ìdánwò rẹ̀. Kíkí náà to ìgò mẹ́fà sí yàrá tirẹ̀ ní Bur Dubai. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n; ẹni tó bá sì mú nínú ohun tí a fi pamọ́ de ọjọ́ ìnira, kí ó dá a padà kí ọjọ́ náà tó dé.