Bébà Pupa Tó Fò Kọjá Ìlà

"Ẹ dúró dáadáa," ni bàbá mi wí fún ilẹ̀kùn ilé ìdáná.

Ilẹ̀kùn náà dúró. Kò kúkú mọ nǹkan mìíràn ṣe. Bàbá mi wúkọ́, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó kà á látinú ìwé pélébé pé: "Kí la ṣe lánàá? Kí la fẹ́ ṣe lónìí? Kí ló ń dí yín lọ́wọ́?"

"Ebi ni," ni ìyá mi dáhùn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Ẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí n ríbi gbé oúnjẹ kọjá."

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọdún méjìlélógún ni bàbá mi fi jẹ́ alábòójútó iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ètò orí fóònù. Òun ló ń ya àtẹ iṣẹ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ dé ọjọ́ ìkẹyìn, òun ló ń pín in, òun ló ń gba ìròyìn. Àtẹ rẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ lára ògiri, ó yí igun, ó sì lọ parí sí ẹ̀yìn fíríìjì. Lójijì, àwọn ọ̀gá àgbà ní àwọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ kéékèèké ni kí gbogbo ènìyàn wà. Kí wọ́n ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n fi èyí tó parí han oníbàárà, kí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀, kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú. Wọ́n fún bàbá mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kó máa lọ sílé.

Ọ̀dọ́bìnrin kan ni wọ́n mú wá kọ́ ọ. Ìyá Ìdúró là ń pè é, torí pé orí ìdúró ló ti ń ṣèpàdé àárọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré. Lọ́jọ́ tí bàbá mi kọ́kọ́ darí ìpàdé náà, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fi dúró. Ó kọ orúkọ ènìyàn sára bébà kékeré tí wọ́n kọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí, ó ń pín in bí ìwé ìdánwò.

"Sà," ni Ìyá Ìdúró wí, "níbí, kálukú ló ń mú iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ kàn bi wọ́n pé kí ló ń dí wọn lọ́wọ́, kí ẹ sì bá wọn gbé e kúrò lọ́nà."

Bó ṣe di pé bàbá mi ń fi wá dánra wò nílé nìyẹn. Ó fi ìlà pín ilẹ̀kùn ilé ìdáná sí mẹ́ta: "Kò tíì bẹ̀rẹ̀", "À ń ṣe é", "Ó ti parí". Bébà tèmi, "Ìṣirò, orí karùn-ún", wà ní "Ó ti parí". Mi ò tíì ṣí ìwé náà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, inú bàbá mi dùn, ariwo sì dáwọ́ dúró.

Ọlidé ni a wà, mo sì ń tẹ̀ lé e lọ síbi iṣẹ́ láti bá wọn gé bébà. Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹfà, gbogbo wọn jáde lọ jẹun ọ̀sán, ó wá ku èmi nìkan níwájú pátákó wọn, tí wọ́n pín sí mẹ́ta bí ilẹ̀kùn wa. Bébà méjìlá ti wà ní "Ó ti parí". Ẹyọ kan, pupa, ṣì wà ní "À ń ṣe é": àtẹ̀jíṣẹ́ tí yóò máa rán àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn kan létí ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ rí dókítà. Ọ̀la ni nọ́ọ̀sì àgbà wọn ń bọ̀ wá wo iṣẹ́. Ọ̀la náà ni wọ́n máa pinnu lórí bàbá mi.

Mo wo ẹnu ọ̀nà. Mo wo bébà. Ọwọ́ mi ti gbé e kọjá ìlà kí ọkàn mi tó dá mi lóhùn.

Nọ́ọ̀sì àgbà dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó yẹ pátákó wò. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí bébà pupa. "Ṣé èyí náà ti parí? Ẹ ti gbà wá." Kó tó di pé ẹnikẹ́ni fèsì, ó ti ń pe akọ̀wé rẹ̀ lórí fóònù. "Má pe àwọn aláìsàn ọjọ́ Ajé mọ́. Ẹ̀rọ á rán wọn létí."

Gbogbo wa la gbọ́ ayọ̀ akọ̀wé. "Ẹ ṣé, mà. Mo ti fa ìwé orúkọ wọn ya."

Ogójì orúkọ. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń kọ ètò náà ń wo bébà bí ẹni tí bàtà rẹ̀ dá rìn jáde. Bàbá mi náà ń wò ó. Ó mọ̀ pé kò tíì parí. Bó bá pa ẹnu mọ́, iṣẹ́ ti di tirẹ̀.

"Èmi ni mo gbé e," mo wí. "Kò tíì parí."

Bàbá mi yíjú sí mi. Ká ní ti àtijọ́ ni, ariwo ni, lẹ́tà ìbáwí á sì tẹ̀ lé e. Mo dijú.

"Kí ló dí ọ lọ́wọ́ láti fi í sílẹ̀ níbi tó wà?" ló bèèrè.

"Ẹ̀rù, Dádì. Ẹ̀rù pé wọ́n á lé yín."

Ó mí kanlẹ̀. "Mà," ló sọ fún nọ́ọ̀sì àgbà, "ọmọ mi ló gbé bébà, èmi ni mo kọ́ ọ. Àìmọye ìgbà ni mo kọ 'ó ń lọ dáadáa' sínú ìròyìn iṣẹ́ tó ti dẹnu kọlẹ̀. Ìṣojú rẹ̀ ni mo ti ń kọ ọ́, lórí tábìlì oúnjẹ. Tí wọ́n bá ní kí n máa lọ, ó tọ́ sí mi."

Ìyá Ìdúró rìn lọ síbi pátákó. Mo ní ó tán. Ó já bébà pupa, ó fi lé bàbá mi lọ́wọ́. "Sà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo ti ń dúró kí 'kí ló dí ọ lọ́wọ́' yẹn jáde lẹ́nu yín láìwo ìwé. Ẹ dá a padà sí àyè rẹ̀, ká bẹ̀rẹ̀ ìpàdé."

Nọ́ọ̀sì àgbà kò rẹ́rìn-ín. "Ká ní ẹ sọ pé kò tíì parí, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní ó ti parí nígbà tí kò tíì parí, aláìsàn mi ló máa jókòó sílé, tí dókítà á máa retí rẹ̀." Ó nàka sí mi. "Gbé báàgì ẹ. Ìwọ àti akọ̀wé mi lẹ máa tún ogójì orúkọ yẹn kọ."

Títí di ìrọ̀lẹ́ ni mo ń dà á kọ láti inú fáìlì ilé ìwòsàn. Orúkọ kọ̀ọ̀kan, akọ̀wé á wò mí bí ẹni pé èmi ni mo dá iṣẹ́ sílé ayé. Àwọn ọ̀gá àgbà fi ọ̀sẹ̀ méjì kún àkókò bàbá mi. Wọn ò lé e, wọn ò sì tíì gbà á. Èmi ni wọ́n ní wọn ò gbọ́dọ̀ rí mi ní ilé-iṣẹ́ wọn mọ́.

Nígbà tí mo délé, ọ̀dọ̀ ilẹ̀kùn ilé ìdáná ni mo gbà lọ. Mo já bébà ìṣirò kúrò ní "Ó ti parí", mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ "À ń ṣe é". Mo wò ó. Irọ́ ni ìyẹn náà. Mo tún gbé e lọ sí "Kò tíì bẹ̀rẹ̀".

"Kí ló ń dí ọ lọ́wọ́?" Bàbá mi ti dúró lẹ́yìn mi.

"Kò yé mi, Dádì."

"Ó dáa. Lọ mú ìwé náà wá, ká jọ wò ó."

Ìgbà yẹn ló yé mi. Iṣẹ́ tí a ní ó ti parí nígbà tí kò tíì parí, ẹlòmíràn la gbé e sílẹ̀ dè. Ẹni tó bá sì lè sọ pé òun ò tíì ṣe é, òun ló lè rí ẹni bá a ṣe é.

Ìyá mi yọjú. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà."