Bàtà Rọ́bà Ẹnu Ọ̀nà

Ẹni tó bá fẹ́ tẹ ìwé ní òpópónà wa, ọ̀dọ̀ Ọwọ́yá ló ń lọ. Àwa la sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí bí obìnrin náà bá jókòó ti kọ̀ǹpútà, ìka rẹ̀ á máa sáré ju ẹnu ẹni tó ń ka ìwé fún un lọ. Èmi ń dirun ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tirẹ̀, ojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe.

Bàtà rọ́bà máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Oníbàárà kì í wọlé láì kọ́kọ́ wọ̀ ọ́.

"Ẹ wọ bàtà o!" ọkọ rẹ̀ á kígbe. "Kọ̀ǹpútà wa kì í fẹ́ kí wọ́n fẹsẹ̀ lásán kí òun!"

Gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín òmùgọ̀ gbáà!

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé bí èèyàn bá fọwọ́ kan irin ara kọ̀ǹpútà náà, á ta á fẹ́ẹ́, bí ìgbà tí èèrà bá jẹni. Ọwọ́yá ti sọ ọ́ títí.

"Ẹ jẹ́ ká pe oníṣẹ́ iná, ọkọ mi. Nǹkan yìí ò yé mi."

"Ṣé o ò rí bàtà wọ̀ ni? Kò sí nǹkan tó máa ṣe ọ́, jàre."

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni òjò dé. Òrùlé wọn jò, omi ń kán sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Ọwọ́yá sáré dìde kó lè gbé e kúrò. Ó fi ọwọ́ òsì di irin fèrèsé mú, ó wá fi ọ̀tún fa kọ̀ǹpútà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ké, iná ti gbé e.

Bí mo ṣe já wọlé, ọkọ rẹ̀ ti na ọwọ́ láti fà á.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹ pa iná!" ni mo kígbe. Ọkùnrin náà dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Èmi ni mo sáré lọ pa súìsì ńlá ara ògiri, ni Ọwọ́yá bá ṣubú gbì.

Ọlọ́run ló yọ ọ́, kò kú. Ṣùgbọ́n iná ti jó àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wọnú, ó sì ti ba iṣan ìka rẹ̀ jẹ́. Ìka náà kò ká mọ́ títí dòní. Ó dùn mí débi pé mi ò lè wò ó lójú.

Oníṣẹ́ iná ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ìlú míì ló ń gbé. Nígbà tó wá kí i, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì fa púlọ́ọ̀gì kọ̀ǹpútà náà yọ.

"Àna mi, ta ló gé ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì yìí?"

"Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n. Ihò méjì ló wà lára ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n wa, kò wọ̀ ọ́. Kọ̀ǹpútà ṣáà ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Á máa ṣiṣẹ́! Ẹsẹ̀ kẹta yẹn kò wà fún kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin ló wà fún. Òun ló so irin ara ẹ̀rọ mọ́ wáyà ilẹ̀. Bí iná bá ṣèèṣì bọ́ sára irin, wáyà yẹn á gbé e lọ sílẹ̀, súìsì ńlá á sì já, iná á kú. Ẹ wá gé e, iná kò rọ́nà lọ mọ́, àfi ara èèyàn."

"Ṣùgbọ́n bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n! Ó wọ bàtà!"

"Ọwọ́ òsì rẹ̀ ń kọ́? Irin fèrèsé tó wà nínú ògiri tí òjò ti mú kó rin gbingbin ló dì mú. Ọwọ́ kan ni iná gbà wọlé, ó gba èkejì jáde. Ìgbà tó ń ta yín fẹ́ẹ́ yẹn, ó ń kìlọ̀ fún yín ni. Ẹ̀yin wá lọ ra bàtà."

Ọkọ Ọwọ́yá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. "Ó sọ fún mi. Ó ní ká pe oníṣẹ́ iná." Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Wọ́n ti ṣe wáyà ilẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù náà báyìí. Ọkọ ló ń tẹ̀wé, ó ń ṣa lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo, ìyàwó jókòó tì í, ó ń ka ìwé fún un. Lánàá, oníbàárà kan kígbe látẹnu ọ̀nà: "Ọwọ́yá, tètè bá mi ṣe é o!"

Obìnrin náà wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. "Ẹ má bínú," ó ní, "ẹ ó dúró díẹ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má gé ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì. Ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n oníhò mẹ́ta ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ sì rí i dájú pé sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri ní wáyà ilẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, asán ni. Bí iná bá gbé èèyàn, ẹ pa iná kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bí kọ̀ǹpútà tàbí fíríìjì yín bá sì ń ta yín lọ́wọ́, ẹ má fi ṣàwàdà, ẹ má wá bàtà kiri. Ẹ pa á, kẹ́ ẹ pe oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ lónìí, nígbà tó ṣì ń ta yín fẹ́ẹ́.