Orogún Eyínfúnjowó

Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Ọjọ́ tí Oníwọ̀n kọ́kọ́ rí Jẹ́jẹ́, ẹnu ara rẹ̀ ló kó bá a, níwájú èèyàn mọ́kànlá, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀.

Olùwádìí ni, láti yunifásítì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń kọ ètò orí kọ̀ǹpútà, kó wọn bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́: ọjọ́ mélòó ni iṣẹ́ kan ń gbà, àṣìṣe mélòó ló ń yọ́ kọjá, ibo ni nǹkan ti ń há. Tó bá wọ̀n ọ́n tán, á sọ ohun tí wọ́n lè tún ṣe fún wọn. Ètò tí àwọn ilé ìwòsàn fi ń to orúkọ aláìsàn ni wọ́n ń kọ ní ọ́fíìsì yìí. Kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Oníwọ̀n. Tó bá ti ń wọlé báyìí, ẹnì kan á pariwo pé, "Ẹ fa ikùn sínú o, Oníwọ̀n ti dé!"

Òfin kan wà níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀. Ẹlòmíì ló gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kó kọ ohun tó rí sábẹ́ rẹ̀, kí iṣẹ́ náà tó jáde. Oníwọ̀n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ yẹn nínú yàrá kékeré kan. Nígbà tó jáde, inú rẹ̀ dùn, ó ní kí wọ́n pe ìpàdé.

"Ẹnì kan wà nínú yín tí ojú rẹ̀ mú ju ti gbogbo yín lọ," ó ní. "Iṣẹ́ tó bá ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, àṣìṣe kì í fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni Eyínfúnjowó nínú yín? Mo fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́."

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà ara rẹ̀. Ọkùnrin gíga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan láti àárọ̀. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é. Òun ló dìde.

"Ìyàwó mi ni," ó ní. "Màá bá yín jíṣẹ́ fún un."

Ó rọra ṣílẹ̀kùn, ó sì jáde. Ìyá Ìbejì, obìnrin tó máa ń dán àwọn ètò náà wò, fa Oníwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Àǹtí, obìnrin yẹn ti kú o. Ó ti pé ọdún kan àti oṣù méjì."

"Kú bí i ti báwo? Àná ló fọwọ́ sí iṣẹ́ kan, ní aago mẹ́ta ọ̀sán!"

"A mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Jẹ́jẹ́ ló ń lo orúkọ rẹ̀. Ó mọ páásìwọ́ọ̀dù rẹ̀. Kí la fẹ́ sọ? Ọ̀gá alára ní òun ò ní ẹnu tí òun á fi sọ ọ́."

Ojú ti Oníwọ̀n débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ó lọ bá ọkùnrin náà lọ́jọ́ kejì láti tọrọ àforíjì. Tábìlì méjì ló dojú kọra nínú yàrá rẹ̀, àga kan sì wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ara àga kejì mọ́, kò sí eruku kankan lórí rẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Mi ò mọ̀."

"Kò sí ohun tí ẹ ṣe. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti yìn ín." Ó ronú díẹ̀. "Ṣé ẹ fẹ́ mọ bí mo ṣe ń ṣe é? Tí mo bá kọ iṣẹ́ tán níbí, mo máa ń dìde, màá lọ jókòó sọ́hùn-ún, lórí àga ìyàwó mi. Ohun tí mi ò rí níbí, mo máa ń rí i lọ́hùn-ún. Ẹ̀yin náà ti wọ̀n ọ́n. Ẹ sọ fún mi bóyá irọ́ ni mò ń pa."

Irọ́ kọ́. Ohun tó dẹ́rù ba Oníwọ̀n nìyẹn. Kò sí alààyè kan nínú ọ́fíìsì yẹn tó ń rí àṣìṣe bí òkú yẹn ṣe ń rí i.

Ó yẹ kó lọ kọ ọ́ sínú ìwé lọ́jọ́ náà gan-an. Kò kọ ọ́. Ó ní òun ṣì fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ọ̀rọ̀ díẹ̀ yẹn sì gbà wọ́n ní oṣù mẹ́rin. Jẹ́jẹ́ á sìn ín dé ibi tó ti ń wọkọ̀. Tí òjò bá ń rọ̀, á di agbòòrùn mú lé e lórí, èjìká tirẹ̀ á sì máa tutù. Èèyàn tí kì í sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó wò ó, ó ní, "Ṣé o ti jẹun?" Láti ọjọ́ yẹn ni "ẹ" ti kúrò láàárín wọn. Oníwọ̀n délé, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó mọ̀ pé òun ti kó sínú ìfẹ́.

Ìyá rẹ̀ ò fẹ́ gbọ́.

"Kì í ṣe pé ìyàwó rẹ̀ kú ni mo ń bá wí," ìyá náà ní. "Ikú kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣì ń bá a ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ yìí ńkọ́? Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ di orogún òkú ni? Orogún tó wà láàyè, wàá bá a jà, ẹ sì lè padà rẹ́. Ó lè ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ó lè sun ọbẹ̀ jóná, ọkọ á rí i. Èyí tó ti kú ò ní ṣẹ ọkọ mọ́ láéláé. Báwo lo ṣe fẹ́ borí ẹ̀?"

Oníwọ̀n padà sídìí àwọn àkọsílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí Eyínfúnjowó kọ kó tó kú. Ká má purọ́, ó ń jowú. Ibẹ̀ ló ti rí ohun kan. Lọ́jọ́ tí Jẹ́jẹ́ sọ pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ, ó sọ ọ́ fún un.

"Olólùfẹ́, ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe òun."

"Kí lo sọ?"

"Nígbà tó wà láàyè, kò sí ibi tí kì í ti í fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. 'Ìwọ àti ìkánjú!' 'Ta ló kọ́ ọ nírú èyí?' Láti ìgbà tó ti kú, kò rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan. Ìwọ nìkan lò ń bá ara rẹ sọ̀rọ̀. Mo sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé mi pé ẹnì kan ń fọwọ́ sí iṣẹ́ ara rẹ̀. Ilé ìwòsàn ló ń lo ètò yín. Tí ojú rẹ bá ṣì lọ́jọ́ kan ńkọ́?"

Ojú Jẹ́jẹ́ yí padà. "Ṣé ìwọ lo fẹ́ júwe ìyàwó mi fún mi? Tó o bá kọ ọ́, wọ́n á ti orúkọ rẹ̀ pa. Mo ti sin ín lẹ́ẹ̀kan. Mi ò lè sin ín lẹ́ẹ̀kejì."

"Èmi náà ò lè fẹ́ ọkùnrin tó ń dìde lọ́dọ̀ mi lọ jókòó lórí àga ẹlòmíì."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọn ò fi sọ̀rọ̀ síra wọn. Oníwọ̀n ò lè jẹun dáadáa. Ìgbà tó yá, Jẹ́jẹ́ ló pè é. Ó ní ẹnì kan ṣoṣo ló lè dá ọ̀rọ̀ náà, ìyá Eyínfúnjowó. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá lọ kí màmá náà lòun máa ń sọ fún un pé orúkọ ọmọ rẹ̀ ṣì wà níbi iṣẹ́, inú màmá a sì máa dùn. Tí màmá bá ní kí àwọn má ti orúkọ náà pa, òun ò ní tì í.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni wọ́n lọ. Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni màmá náà, èèyàn kúkurú tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Oníwọ̀n kúnlẹ̀ kí i, kò sì mọ ibi tó máa gbé ojú sí, torí àwòrán Eyínfúnjowó wà lára ògiri, eyín funfun báláú.

Jẹ́jẹ́ ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Màmá gbọ́ ọ dópin, ó wá kọjú sí Oníwọ̀n.

"Wọ́n ní ìwọ lo máa ń kà á. Ẹ̀ẹ̀melòó ni ọmọ mi ti fọwọ́ síṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti sin ín?"

"Títí di àná, ẹgbẹ̀rin lé mẹ́fà, mà."

Màmá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sórí itan.

"Mo rò pé wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri ni," ó ní. "Mo rò pé wọ́n fi ń rántí ẹ̀ ni. Ọkọ ọmọ mi, ọmọ mi kú, o ò jẹ́ kó sinmi? Ojoojúmọ́ lò ń jí i pé kó wá ṣiṣẹ́?"

Jẹ́jẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹkún tí kò sun lọ́jọ́ ìsìnkú ló sun lórí ilẹ̀ yẹn.

"Dìde, ọmọ mi. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Jẹ́ kó lọ sùn." Ó tún wo Oníwọ̀n. "Ìwọ, ṣé o fẹ́ràn ẹ̀?"

"Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, mà."

"Nígbà náà, yéé jókòó sétí àga bí ẹni tó jí nǹkan. Fẹ̀yìn tì."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ ló lọ bá Ọ̀gá pé kí wọ́n ti orúkọ náà pa. Ìyá Ìbejì ló ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò báyìí. Àṣìṣe inú rẹ̀ sì pọ̀ sí i lóòótọ́. Oníwọ̀n wọ̀n ọ́n, kò sì sọ fún un. Nígbà tí ìyá Oníwọ̀n gbọ́ pé ìyá olóògbé alára ń bọ̀ níbi ìgbéyàwó, ó ní, "Ta wá ni èmi?" Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n ṣègbéyàwó, ọjọ́ tó yẹ kí Oníwọ̀n fi ìwé ìwádìí rẹ̀ sílẹ̀ gan-an, ló bá ní kí òun ka àwọn ẹgbẹ̀rin lé mẹ́fà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti máa ń kà á ní méjì méjì, mẹ́ta mẹ́ta, kò ka ọ̀rọ̀ inú wọn tán rí. Aago méjì ọ̀sán ni, oòrùn mú kánkán. Ó dé orí ọ̀kan tí déètì rẹ̀ jẹ́ oṣù kẹjọ lẹ́yìn ikú Eyínfúnjowó.

"Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, olówó orí mi. Kí lo kọ síbí yìí? Ṣé kò sí ẹlòmíì tó lè máa bá ọ wò ó ni?"

Oníwọ̀n kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó pe Jẹ́jẹ́ lórí fóònù, ó fi ọgbọ́n bi í léèrè bóyá ó rántí gbogbo ohun tó kọ lórúkọ ìyàwó rẹ̀.

"Gbogbo ẹ̀ pátá," Jẹ́jẹ́ ní. "Òótọ́ lo sọ lọ́jọ́ yẹn, òótọ́ ló sì dùn mí. Mo gbìyànjú kí n fi ẹ̀rín sí i, ọwọ́ mi ò gbé e. Mi ò kọ ẹ̀rín síbẹ̀ rí. Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan kan, àyànfẹ́ mi."

Ó jókòó ti ọ̀rọ̀ náà títí oòrùn fi rọ̀. Ó lè jẹ́ pé ọkùnrin náà kọ ọ́, tí ìbànújẹ́ ò jẹ́ kó rántí. Ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó dá a lójú ni pé tó bá fi han Jẹ́jẹ́, Jẹ́jẹ́ á padà sórí àga yẹn, á máa retí òmíràn títí ayé. Ó fa ìwé rẹ̀ sọ́dọ̀, ó kọ ẹgbẹ̀rin lé márùn-ún síbẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ń wọn nǹkan, ẹ̀ẹ̀kan yẹn ló kọ iye tí kò pé.

Ó ti di ọdún mẹ́ta báyìí. Ọkọ rẹ̀ máa ń gbé iṣẹ́ wálé nígbà míì, pàápàá lọ́sàn-án Sátidé. Á jókòó nínú pálọ̀, á pariwo sókè, "Ayọ̀ mi, jọ̀ọ́, wá bá mi wo nǹkan yìí kí n tó fi ránṣẹ́!"

Oníwọ̀n á nu ọwọ́ rẹ̀, á dìde. Kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, níbi tí ọkùnrin náà ò ti lè gbọ́, á rọra sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé:

"Mò ń bá a wò ó, ìyálé mi."