Bàǹgà Mẹ́wàá Aurèle

“Gbàù!”

Bàǹgà kan, ohun ìṣeré ọdún tó ń dún bí ìbọn, bú ní ojúde, àwọn ọmọ àdúgbò sì hó yè. Kérésìmesì ku ọjọ́ mẹ́ta ní ìlú Pobè, ní Benin. Nínú ilé, Odile ti sá wọ abẹ́ tábìlì.

Odile, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ni ọmọ àbúrò bàbá Aurèle, ọmọ ilé náà. Oṣù kan sẹ́yìn ni òun àti ìyá rẹ̀ sá dé láti àríwá, níbi tí àwọn agbébọn ti ń kọ lu abúlé. Kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀, síbẹ̀ oorun kì í kùn ún, oúnjẹ kì í gba ọ̀fun rẹ̀.

“Aurèle, má yin bàǹgà nínú ilé yìí o,” ni ìyá Aurèle kìlọ̀.

“Mo ti gbọ́, Màmá.”

Lọ́jọ́ kejì, Odile wà nínú kòtò epo lẹ́yìnkùlé, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn. Nítòsí ibẹ̀, Crépin fi Aurèle ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀sín:

“Bàǹgà mẹ́wàá, o gbá wọn mọ́ra bí adìẹ tó sàba! Àbí ẹ̀rù ìyá ẹ ló ń bà ẹ́?”

“Ẹyọ kan péré,” ni Aurèle wí. Ó ṣáná sí i.

Gbàù! Odile fò jáde, ó gbá ìkòkò epo tó wà lẹ́bàá kòtò dànù. Epo iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ṣòfò sílẹ̀. Ó ń gbọ̀n, kò sì lè sọ̀rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, Nọ́ọ̀sì Fàósátù sì yẹ̀ ẹ́ wò. “Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Ìbọn kò bà á, àmọ́ ìpayà rẹ̀ ń ṣe ara rẹ̀ bí ibà. Ẹ jẹ́ kó sinmi, kó jẹun, kó rẹ́rìn-ín. Ẹ sì máa mú un wá kí n máa wò ó.”

Aurèle da bàǹgà mẹ́sàn-án tó kù sínú omi. “Àbúrò mi, mo ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, dárí jì mí.” Lẹ́yìn náà ló ń bẹ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti ilé dé ilé pé kí wọ́n má yin bàǹgà mọ́.

“Kí la ó wá fi ṣọdún?” Crépin kùn.

“Agolo! A ó máa lù ú bí ìlù,” ni Aurèle dáhùn.

Lọ́jọ́ ọdún, Aurèle gbé igi kan lé Odile lọ́wọ́. “Ìwọ lọ̀gá. Gbé e sókè, a ó lù. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀, a ó dákẹ́.”

Odile rọra gbé e sókè. Agolo ogún dún! Ó yára sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kẹ́kẹ́ pa. Ó tún gbé e, ó tún sọ̀ ọ́, títí Crépin fi ké:

“Ọ̀gá, ẹ ṣàánú mi, apá ń ro mí!”

Odile bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí ìyá rẹ̀ kò gbọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sá. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ó jẹ ẹ̀kọ mẹ́ta, ó tún béèrè ẹja.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó sá kúrò lójú ogun ṣì lè gbé àìsàn ogun náà dání. Ẹ má fi ìpayà ọmọnìkejì yín ṣeré. Ẹ bá a wá ayọ̀ tí ara rẹ̀ gbà.