Ọ̀já Màmá Àwẹ̀ró

Tíṣà Zacchaeus tẹ́ ọ̀já aláró kan sórí tábìlì níwájú ìjọ, ó ní kí Mọ́júbọ́lá dìde kó wá gbà á. Ọjọ́ ìrántí Màmá Àwẹ̀ró ni, ilé ìjọsìn kún. Àwọn ìyá ń fi etí gèlè nu ojú, àwọn ọmọ kéékèèké ń wo ọ̀já náà bí ẹni pé ẹni tó ni ín ṣì ń bọ̀ wá mú un. Mọ́júbọ́lá jókòó síbẹ̀, kò dìde.

Ta ni kò mọ ọ̀já yẹn ní Ìwàrò-Ọ̀kà? Nígbà tí ìjọba sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ lọ́dún 1955, ilé-ìwé wà níhà kan odò, àwọn ọmọ wa wà níhà kejì. Igi tí wọ́n gbé dábùú odò, àgbàrá ti wọ́ ọ lọ. Àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀ afárá, wọ́n sọ ọ́ sọ ọ́, wọn ò sì kọ́ ọ. Opó kan tó ń dáko lẹ́bàá odò, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀, ló ká aṣọ sókè lọ́jọ́ kan, ó pọn ọmọ kan sọdá, ó tún padà wá pọn òmíràn. Láti ọjọ́ náà, kò sí òjò tó tún bá a nílé. Ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọkùnrin tó ti ka ara wọn sí géńdé á máa ráhùn pé àwọn kì í ṣe ọmọ ọwọ́, àmọ́ yóò ṣáà fi ọ̀já gbá wọn mọ́ ẹ̀yìn pinpin ni. "Di ọrùn mi mú," ni yóò wí. "Má wo omi. Òkè Ọ̀kà ni kí o máa wò." Ọmọ á gbójú sókè sí àpáta, kó tó mọ̀, ó ti dé òdìkejì.

Lọ́dún kẹta, ikọ́ àti ibà dá a dùbúlẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe Mọ́júbọ́lá, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó wà ní kíláàsì kẹfà, tó ga, tó sì máa ń bá a ṣiṣẹ́ lóko. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun dúró lódò bí ilé-ìwé bá ti parí, títí ara òun á fi yá. Mọ́júbọ́lá ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. N ò ní í já yín kulẹ̀." Ẹyin lohùn o, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àmọ́ ta ni í rántí ìyẹn lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún?

Ọjọ́ kejì jẹ́ ọjọ́ ọjà Ìkàrẹ́. Lucy, ọ̀rẹ́ rẹ̀, wá bá a nígbà tí wọ́n jáde kíláàsì. Ó ní ayafọ́tò kan ti dé sí ọjà, bọ́lẹ́kájà kan sì ń lọ báyìí, àwọn á ti padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Mọ́júbọ́lá wo odò: omi kò ju kókósẹ̀ lọ. Ó wo ojú ọ̀run: ó mọ́. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé Abíọ́nà pàápàá, tó kéré jù ní kíláàsì kìíní, á lè dá a là kọjá. Ó gun ọkọ̀.

Ní Ìkàrẹ́, ó yá ìlẹ̀kẹ̀ Lucy wọ̀, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ayafọ́tò ní kó má rẹ́rìn-ín mọ́, kò lè ṣe é. Òjò sì ti ń rọ̀ lórí òkè Ọ̀kà. Omi ya wálẹ̀ lójijì, ó ká àwọn ọmọ tó ń dúró de Mọ́júbọ́lá mọ́ etí odò, igbe wọn sì dé ọ̀dọ̀ Màmá Àwẹ̀ró lórí ẹní. Àwọn ará ilé ní kó má jáde. Ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ó sì na ọwọ́ mú ọ̀já. Ó pọn wọ́n tán pátá, Abíọ́nà ló pọn gbẹ̀yìn. Bó ṣe gun èbúté báyìí, ó ṣubú.

Nígbà tí Mọ́júbọ́lá dé, ilé Màmá ti kún. Rachel, ìyá Abíọ́nà, kojú sí i, ó bi í pé níbo ló wà nígbà tí omi fẹ́ gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ. Kó tó lanu, Màmá ti fọhùn láti orí ẹní.

"Ẹ má bá a wí. Èmi ni mo rán an lọ sí Ìkàrẹ́, pé kó lọ bá mi ra oògùn."

Rachel tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Mọ́júbọ́lá. Màmá wo Mọ́júbọ́lá, kò sí ìbínú lójú rẹ̀ rárá, ìyẹn ló sì dun ọmọ náà jù. Síbẹ̀, kò jẹ́wọ́. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé bí ara Màmá bá yá, òun á wá kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ara Màmá kò yá. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti sin ín.

Ìdí rèé tí gbogbo ìlú fi ń pe Mọ́júbọ́lá ní ọmọ tó sáré wá oògùn fún Màmá. Wọ́n ń kẹ́dùn pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì ń gbé oúnjẹ wá fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ ìrántí yìí ni Lucy wá fi fọ́tò náà lé e lọ́wọ́. Mọ́júbọ́lá rí ara rẹ̀ níbẹ̀, gbogbo eyín rẹ̀ wà níta.

Ó dìde nígbẹ̀yìn. Ó rìn lọ síwájú, ó kúnlẹ̀, ó sì gbé fọ́tò náà lé orí ọ̀já.

"Màmá ò rán mi níṣẹ́ oògùn kankan," ó ní. "Wọ́n ní kí n dúró lódò, mo sì lọ ya fọ́tò. Wọ́n purọ́ nítorí mi, mo sì jẹ́ kí wọ́n gbé irọ́ mi wọ sàréè."

Ìyá rẹ̀ ká ọwọ́ lérí. Rachel wá wo fọ́tò náà, ó wò ó pẹ́, ó sì jáde. Tíṣà ká ọ̀já padà. Ẹnikẹ́ni kò nà án, ì bá sì dùn mọ́ ọn kí wọ́n nà án.

Láti ọjọ́ kejì, Mọ́júbọ́lá ń lọ dúró nínú odò láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Àwọn ìyá ń fa ọmọ wọn kọjá lára rẹ̀ lọ sí ìsọdá òkè odò tó jìn, wọn kì í kí i. Ó ń sunkún, ó sì ń dúró. Lọ́jọ́ kan, òjò rọ̀ débi pé omi bo ìsọdá òkè náà mọ́lẹ̀. Rachel dé pẹ̀lú Abíọ́nà, ó dúró létí odò pẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ló yọ ọ̀já aláró tó ti gbà lọ́wọ́ Tíṣà jáde lábẹ́ abíyá.

"Inú mi ò tíì yọ́ sí ọ," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹni tí o ṣẹ̀ ti dárí jì ọ́ kó tó kú. Gbà. So ó le."

Ó pọn Abíọ́nà. Láàárín odò, ọmọ náà bi í léèrè ìgbà tí Màmá máa dé. Omijé dí i lójú, kò rí ọ̀nà mọ́, ó ní láti dúró díẹ̀.

"Di ọrùn mi mú," ló wí. "Má wo omi. Òkè ni kí o máa wò."

Ẹ̀yin ọmọ, àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ẹrù ni ìlérí. Bí ẹ bá sọ tiyín sílẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò rù ú, ó sì lè jẹ́ ẹni tí kò lágbára rẹ̀ mọ́. Wọ́n padà kọ́ afárá sí odò náà. Títí Mọ́júbọ́lá fi darúgbó, kò tún rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò.