Abẹ́rẹ́ Ọjọ́ Ìsinmi

Irọ́ ni Adékọ̀yà kọ́kọ́ pa fún Moṣọpẹ́, irọ́ ọ̀hún ò sì lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi tú.

Ọdún 1991 ni. Bàbá Isaiah, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì tí gbogbo èèyàn ṣì ń pè ní Dókítà, ní ilé ìtọ́jú ara ríro kan ní àdúgbò Challenge. Moṣọpẹ́ ọmọ rẹ̀, tóun náà jẹ́ nọ́ọ̀sì, nìkan ló wà níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé, tó di ìbàdí mú, tó ń kérora.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà mí! Ẹ bá mi gún abẹ́rẹ́ líle yẹn."

"Ìwé dókítà yín dà?"

"Mo gbàgbé ẹ̀ sílé ni. Ṣùgbọ́n mà á rí yín, ẹ má ṣèyọnu."

"Ẹ má rí mi o. Ẹ dojú bolẹ̀ síbí."

Moṣọpẹ́ ri táwẹ̀lì bọ omi gbígbóná, ó gbé róòbù, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ọmọbìnrin náà rẹwà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ le bí ọwọ́ ẹni tó ń gúnyán fún ogún èèyàn. Nígbà tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ rin ẹ̀yìn ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀kejì, ó lọgun.

"Yéè! Ó tó! Irọ́ ni mo pa! Ẹ̀yìn kankan ò dùn mí!"

Ó fa káàdì yọ lápò. Apòògùn ni, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀. Lásìkò náà, àwọn ọmọ garéèjì ti sọ abẹ́rẹ́ apara-ríro di ohun tí wọ́n fi ń yó, àwọn ilé ìtọ́jú kan sì ń tà á fún wọn láti ẹ̀yìnkùlé. Ìjọba wá pàṣẹ pé ẹni tí kò bá ní ìwé dókítà, kò gbọdọ̀ gba abẹ́rẹ́ náà, gbogbo èyí tí wọ́n bá sì gún, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Adékọ̀yà wá dán wọn wò ni.

"Ẹ yege," ó ní, ó ń ra ìbàdí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ti wá ń dùn mí lóòótọ́ báyìí o."

Moṣọpẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ní Thursday tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin náà tún dé. Ó dé ní Thursday kejì, ó dé ní ẹ̀kẹta, títí ìyá Moṣọpẹ́, Màmá Martha, fi sọ pé, "Ẹ̀yìn ọmọ yìí ò mà tètè san o. Ọmọ ibo tiẹ̀ ni?"

"Ọmọ Iléṣà ni, Màmá."

"Ọmọ ilé wa! Kí ló dé tí o ò ti sọ látìgbà yẹn?"

Ìfẹ́ ọ̀hún ti wọ Moṣọpẹ́ lára pátápátá. Bó bá gbọ́ ohùn Adékọ̀yà lẹ́nu ọ̀nà, inú rẹ̀ á dùn débi pé á gbàgbé ohun tó fẹ́ mú. Nígbà tí ọkùnrin náà fi oríkì rẹ̀ pè é, tó sọ pé, "Àṣàkẹ́ mi, àwọn ará ilé mi fẹ́ wá kí àwọn ará ilé yín lẹ́yìn Àjíǹde," Moṣọpẹ́ ò ṣojú ayé rárá. Ó ní, "Kí ló ń dá wọn dúró?"

Kí Àjíǹde tó dé ni àyẹ̀wò dé. Adékọ̀yà ló gbé e wá. Ó wo àpótí oògùn, ó wo ìwé, ó tún un wò. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Bàbá, abẹ́rẹ́ mẹ́rìnlá ti kúrò nínú àpótí tí wọn ò sí nínú ìwé, sà."

"O wá ń pè mí lólè?"

"Rárá o, sà. Ṣùgbọ́n òfin ní kí n ti ibí pa. Bí a ò bá rí àlàyé láàárín ọjọ́ méje, wọ́n á gba ìwé àṣẹ yín."

Ó fi àgádágodo kọ́ ilẹ̀kùn. Bàbá Isaiah ní, "Ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi ò ní fẹ́ ọmọ mi. Kí àwọn ará ilé rẹ jókòó jẹ́ẹ́ sílé wọn."

Moṣọpẹ́ sáré bá a níta. "Ẹ ò lè rán ẹlòmíì wá ni?"

"Bí mo bá rán ẹlòmíì, wọ́n á ní mo mọ ohun tí mò ń sá fún. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Àṣàkẹ́. Jọ̀ọ́, bá mi wádìí ibi tí àwọn abẹ́rẹ́ náà lọ."

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi sunkún, tó ń bínú sí àwọn ọkùnrin méjèèjì. Lọ́jọ́ karùn-ún, ìyá rẹ̀ rán an níṣu lọ́jà Ìpàta. Ibẹ̀ ni Mùsílíù, olórí àwọn alárù tó ń já iṣu, ti pè é.

"Nọ́ọ̀sì! A kanlẹ̀kùn títí lọ́jọ́ Sunday. Ṣé àlàáfíà ni Dókítà wà?"

"Ẹ̀yin náà ẹ, a kì í ṣí lọ́jọ́ Sunday."

Mùsílíù bú sẹ́rìn-ín. "Iwájú lẹ ò ṣí! Bí ìwọ bá ti lọ kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìnkùlé la máa ń gbà wọlé. Ọkọ̀ iṣu máa ń dé ní Sátidé, ẹ̀yìn wa á fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Wàláì, bí o ò bá mú ìwé ọsibítù lọ́wọ́, bàbá yẹn á lé ọ."

Moṣọpẹ́ gbàgbé iṣu, ó di ilé. "Bàbá! Kí ló dé tẹ́ ò kọ àwọn alárù sínú ìwé?"

"Èmi kì í fọwọ́ kan bírò lọ́jọ́ Olúwa. Iṣẹ́ àánú ò lòdì sí Ìsinmi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìwé lòdì sí i."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún Adékọ̀yà?"

"Kò bi mí pé ta ni mo gún. Ó ní abẹ́rẹ́ mi ò pé."

Moṣọpẹ́ káwọ́ lérí. Agídí bàbá yìí ì bá ba ayé òun jẹ́!

Lọ́jọ́ kejì, Moṣọpẹ́ padà lọ bẹ Mùsílíù, ó sì kó àwọn alárù rẹ̀ lọ sí iléeṣẹ́ ìlera. Bàbá Isaiah àti Moṣọpẹ́ tẹ̀ lé wọn, bàbá fajú ro. Lójú Hàjíà Hàjàrá, ọ̀gá Adékọ̀yà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìwé ọsibítù láti inú fìlà, láti inú àpò ṣòkòtò. Obì ti pa òmíràn láró. Ìwé mẹ́rìnlá, gbogbo wọn ló ní òǹtẹ̀ dókítà.

"Bàbá, ẹ ò jalè," Hàjàrá ní. "Ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá kọ ọ́, kí la fẹ́ fi mọ̀ yín yàtọ̀ sí àwọn tó ń tà á fún ọmọ garéèjì? Ẹ ó ṣí padà, àmọ́ orúkọ ẹni tó lè kọ̀wé lójoojúmọ́ la ó fi sórí ìwé àṣẹ. Tọjọ́ Sunday náà."

Gbogbo ojú yí sí Bàbá Isaiah. Ó ṣí fìlà, ó tún un dé. Nígbẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ kọ Moṣọpẹ́."

Adékọ̀yà mú bírò, ó kọ orúkọ náà gàdàgbà. Ó wá dúró, kò lè wo ojú bàbá.

"Orúkọ ìdílé ńkọ́, sà?"

Bàbá Isaiah wò ó, ó wo ọmọ rẹ̀ tó ti di ọwọ́ ara rẹ̀ mú gírígírí. Ó wúkọ́ díẹ̀.

"Tèmi ni kí o kọ. Ṣùgbọ́n pẹ́ńsù ni kí o fi kọ ọ́, kó lè rọrùn láti pa rẹ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó."

"Alihamudulilahi!" ni Mùsílíù pariwo. Moṣọpẹ́ dì mọ́ bàbá rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Adékọ̀yà ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá nílẹ̀ ọ́fíìsì, tòun ti fọ́ọ̀mù lọ́wọ́, kò sì dìde, nígbà tí Hàjàrá ń tú gbogbo dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ kiri, tó ń wá pẹ́ńsù.