Kókó inú Aṣọ Àyìnkẹ́

Kẹ̀kẹ́ ni Ọlágòkè kọ́kọ́ rí, kó tó rí ọmọbìnrin tó wà lórí rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni, ní Ìṣẹ́yìn, lọ́dún 1980. Ọlágòkè ti ta òwú aró rẹ̀ láti ìdí òfì títí dé ẹnu ọ̀nà agboolé, ó sì gbé òkúta lé pákó tó wà ní ìparí rẹ̀ kó lè fà á le. Kò sí ọmọ àdúgbò tí kò mọ̀ pé ṣe ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ gba abẹ́ rẹ̀ tàbí kí wọ́n yí i ká. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin yìí kì í ṣe ará àdúgbò. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, gèlè ti bọ́ sí i lọ́rùn, aago kẹ̀kẹ́ ń dún kíkankíkan.

"Ẹ yà fún mi o! Bíréèkì mi ò mú!"

Àwọn èèyàn yà. Òwú ò lè yà.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ láàárín òwú bí ẹyẹ tó kó sínú àwọ̀n.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ó ní. "Mo ti ba iṣẹ́ yín jẹ́."

Ràmọ́nì, tí òfì tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, bú sẹ́rìn-ín. "Ọlágòkè, ìwọ tí ò ń tọrọ ìyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì! Ọlọ́run ti fi kẹ̀kẹ́ gbé e wá. Kí lo tún ń wò?"

Orúnkún ọmọbìnrin náà tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ni Ọlágòkè kọ́kọ́ wò. Ó bu omi fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn òwú tó já.

"Ṣé ẹ ó gé e dànù ni?"

"Ta ló ń gé òwú dànù? Síso là ń so ó. Jókòó, bá mi di etí rẹ̀ mú."

Wọ́n so ó títí oòrùn fi kan àtàrí. Ibẹ̀ ni Ọlágòkè ti gbọ́ pé Àyìnkẹ́ lorúkọ rẹ̀, pé ọmọ àgbẹ̀ oníṣu kan ní Ògbooro ni, pé iṣẹ́ agbẹ̀bí ló ń kọ́, ó sì wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀, Ìyá Abíọ́nà.

"Kí ló gbé ọ dé ìdí iṣẹ́ agbẹ̀bí?"

"Orí ìkúnlẹ̀ ni màmá mi kú sí. Ọ̀nà ilé ìwòsàn jìn, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí wọn ì bá ṣe. Èmi ni mo di ọwọ́ wọn mú."

Ọlágòkè rọra so òwú tó kù.

Lọ́jọ́ kejì, Àyìnkẹ́ gbé mọ́ínmọ́ín wá fi tọrọ àforíjì. Lọ́jọ́ kẹta, kò gbé nǹkan kan wá, inú Ọlágòkè sì dùn jù tàná lọ. Nígbàkígbà tí iléèwé wọn bá ti gba ìsinmi, yóò wá.

"Oníkẹ̀kẹ́ mi, ṣé bíréèkì ti ń mú?"

"Aláṣọ mi, tó bá mú, ṣé màá tún bá ọ pàdé ni?"

Nígbà tí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn dé, àwọn kan gbé iṣu wá, àwọn mìíràn fa ewúrẹ́. Àyìnkẹ́ jáde síwájú lọ́wọ́ òfìfo.

"Olúwa," ó ní, tí gbogbo ìjọ ń gbọ́, "mi ò rí nǹkan mú wá lọ́dún yìí. Ní ìkórè tó ń bọ̀, màá dúró níbí yìí pẹ̀lú ọmọ tí ọwọ́ mi gbà wá sáyé. Ràn mí lọ́wọ́."

Àmín Ọlágòkè ló ròkè jù. Ìyá Abíọ́nà yíjú wò ó, ó sì fi ẹ̀rín pamọ́ sẹ́nu.

Àmọ́ lọ́jọ́ ìdánwò ìkẹyìn, bí Àyìnkẹ́ ṣe dé iwájú àwọn tó ń dán wọn wò, ojú ìyá rẹ̀ ló ń rí. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, irinṣẹ́ bọ́ sílẹ̀ gbàgà. Ó féèlì.

"Ó tó gẹ́ẹ́," bàbá rẹ̀ wí ní Ògbooro. "Ọmọkùnrin aláṣọ yẹn kúkú ti ṣetán. Lọ sílé ọkọ, kí ọkàn mi balẹ̀."

Inú ìyá Ọlágòkè dùn nígbà tó gbọ́, ó ti ń ronú ibi tí wọn yóò na àtíbàbà sí. Àyìnkẹ́ fúnra rẹ̀ wọkọ̀ wá sí Ìṣẹ́yìn.

"Wá tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi. Wọn ò ní kọ̀."

"Ìlérí tó o ṣe fún Ọlọ́run ńkọ́?"

"Ọlọ́run náà rí i pé mo féèlì. Fẹ́ mi, ká parí ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ tí Ọlágòkè ti ń retí láti ọjọ́ yìí wá rèé.

"Rárá, Àyìnkẹ́. Mi ò ní fẹ́ ọ báyìí."

Ojú ọmọbìnrin náà yí padà. "Ó yé mi. Ẹni tó féèlì ò yẹ ọ́." Kí Ọlágòkè tó ya ẹnu, ó ti gba ọ̀nà gárèèjì lọ.

Ọlágòkè kúnlẹ̀ sídìí òfì rẹ̀. "Olúwa, ohun tí mò ń tọrọ lọ́wọ́ Rẹ ni mo fọwọ́ ara mi tì sẹ́yìn yìí o. Má jẹ́ kí n pàdánù rẹ̀."

"Àṣé orí ẹ ò pé, èmi ò tètè mọ̀," ni Ràmọ́nì wí. Ó tún rẹ ohùn sílẹ̀: "Lọ bá a. Irú ọ̀rọ̀ yìí, wọn kì í rán èèyàn."

Ọlágòkè lọ sí Ògbooro. Bàbá Àyìnkẹ́ tẹ́wọ́ gbà á. "Àna mi, káàbọ̀!" Àyìnkẹ́ kúnlẹ̀ jìnnà réré.

"Ẹ kú ìrìn, sà."

"Ẹ" yẹn dun Ọlágòkè ju èébú lọ. Ó tú ẹrù rẹ̀, ó sì tẹ́ aṣọ aró kan sílẹ̀.

"Aṣọ tí kẹ̀kẹ́ rẹ já rèé. Mi ò tà á. Fi ibi tó já hàn mí."

Àyìnkẹ́ wò ó títí, ó gbé e sí oòrùn. Bàbá rẹ̀ náà wò ó. Wọn ò rí nǹkan kan.

"Dijú, kó o fi ọwọ́ wá a."

Ó dijú. Ìka rẹ̀ ń rìn lórí aṣọ náà, ó ń lọ, ó ń bọ̀, títí ó fi dúró. "Ibí nìyí," ó wí jẹ́jẹ́. Kókó kékeré kan ni, tó le dan-in.

"Ọwọ́ yìí kan náà ni wọ́n ní ó gbọ̀n," Ọlágòkè wí. "Mi ò kọ̀ ọ́, Àyìnkẹ́. Tí mo bá fẹ́ ọ lónìí, ojoojúmọ́ ni wàá máa wo ojú mi bí ẹni tó sá wọlé nítorí òjò. Ọlọ́run ò gé òwú rẹ dànù. Lọ so ó. Èmi á dúró."

Omijé ń bọ́ lójú Àyìnkẹ́. "Ìyá rẹ ì bá fẹ́ràn ọmọ yìí," ni bàbá rẹ̀ sọ níkẹyìn. "Padà lọ. Iṣu tí a lè tà san owó iléèwé ṣì wà nínú àká."

Ó padà. Àdúrà rẹ̀ yí padà pẹ̀lú. Tẹ́lẹ̀, ohun tó ń tọrọ ni pé kí ọwọ́ òun má gbọ̀n mọ́. Ní báyìí, ó ní, "Olúwa, bó bá tilẹ̀ ń gbọ̀n, di í mú." Lọ́jọ́ ìdánwò, ọwọ́ náà gbọ̀n. Ó ń gbọ̀n, ó ń ṣiṣẹ́, títí ó fi rọlẹ̀. Ó yege.

Lọ́jọ́ ìkórè, Àyìnkẹ́ wọlé pẹ̀lú Àwáwù, ìyàwó Ràmọ́nì, ó gbé ọmọ tuntun wọn tí ọwọ́ rẹ̀ gbà wá sáyé. Ràmọ́nì dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ká fìlà mọ́wọ́.

"Ọmọ mi ni wọ́n fẹ́ ṣe Àmín lé lórí," ó wí fún ẹni tó ń wò ó. "Ṣé kí n má wá gbọ́ ni?"

Nígbà tí ọyẹ́ dé, Àyìnkẹ́ ró aṣọ aró náà lọ sí ìgbéyàwó rẹ̀. Pásítọ̀ bi í bóyá yóò dúró ti ọkùnrin yìí nígbà dídùn àti nígbà kíkan. Kò tètè dáhùn. Ìyá Ọlágòkè bẹ̀rẹ̀ sí í na ọrùn wò.

Ọlágòkè nìkan ló rí ìka rẹ̀ tó ń wá nǹkan létí ìró. Ìka náà kan kókó yẹn. Àyìnkẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní.